Ìjà fún Ẹ̀tọ́ sí Ibùgbé ní Ìlú Èkó

Ìjà fún ẹ̀tọ́ sí ibùgbé ní ìlú Èkó ni orúkọ tí a lè fi pe àkójọpọ̀ àtakò, ẹjọ́ àti ẹgbẹ́ tí àwọn olùgbé Èkó fi dojú kọ gbígba ilẹ̀, wíwó ilé àti lílé ènìyàn kúrò ní ibùgbé wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún títí di àkókò yìí. Kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ja ìjà náà. Àwọn ìjòyè onífìlà funfun wà nínú rẹ̀, àwọn dókítà àti agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyálọ́jà, àwọn apẹja Ègùn tí ń gbé orí ọ̀sà, àti àwọn ayálégbé tí kò ní ju yàrá kan lọ. Bí a bá tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé ìbéèrè tí wọ́n ń gbé síwájú ìjọba yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n ń bi ìjọba ni pé ta ló ni ilẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, ohun tí wọ́n ń bi í ní kóòtù ni pé ṣé ó tọ́ kí a ṣe ọmọ ènìyàn báyìí, ìbáà ní ilẹ̀, ìbáà má ní. Ìyípadà yìí gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Owó omi àti ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá

Ní 1908, ìjọba amúnisìn gbèrò láti máa gba owó orí omi lọ́wọ́ àwọn ará Èkó kí wọ́n lè fi ṣe omi ẹ̀rọ. Àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kànga tí wọ́n ń pọn, wọ́n sì gbà pé àwọn òyìnbó ni yóò jẹ àǹfààní omi ẹ̀rọ náà jù. Ní ọdún kan náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó omi náà àti bí ìjọba ṣe ń fi ipá gba ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò borí, nítorí pé ní 1916 owó omi di dandan. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú, àwọn ìjòyè àti àwọn ọlọ́jà tí wọ́n ń sọ ohùn kan náà lórí ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀.

Ẹjọ́ tó lókìkí jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ ní Àpápá. Ní 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan níbẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀, lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1903. Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa ti Èkó, ọ̀kan lára àwọn Ìdẹ́jọ tí wọ́n ni ilẹ̀ ìlú, béèrè owó gbà-máà-bínú lórúkọ ẹbí àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn ilé ẹjọ́ tó wà nílé dá a lóhùn pé àṣẹ àkóso nìkan ló ní lórí ilẹ̀ náà. Èyí túmọ̀ sí pé a lè san owó fún un nítorí ìṣákọ́lẹ̀ tó ń gbà, ṣùgbọ́n a kò ní san owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Olóyè náà kò gbà, ó sì gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a rin ìrìn àjò náà ní 1920 gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀, ó sì gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Eshugbayi Eleko lọ́wọ́. Ọ̀pá yẹn dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀ láàárín ààfin àti ìjọba amúnisìn, ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn nìyẹn.

Ní 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́ ìgbìmọ̀ náà. Ó ní ilẹ̀ ní Èkó jẹ́ ti àwùjọ, ìjòyè ni ó ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀ fún wọn, àti pé owó gbà-máà-bínú gbọ́dọ̀ jẹ́ bí ìgbà tí ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn pátápátá. Títí di òní ni àwọn agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ yìí. Ohun kan wà tí a kì í sábà sọ nígbà tí a bá ń yìn ín: àwọn ẹbí onílẹ̀ ni ó dáàbò bò. Àlejò tó yá yàrá ní ilé ẹlòmíràn, obìnrin tó ń ta ẹja lábẹ́ òrùlé tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sí nínú ìdájọ́ náà. Àìsí wọn níbẹ̀ yóò hàn gbangba ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà.

Àwọn obìnrin ọjà ní ìjà tiwọn. Alimotu Pelewura, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó, kó wọn jọ ní àárín àwọn ọdún 1930 nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣí ọjà Èrékò kúrò níbi tó wà, ọjà náà kò sì ṣí. Ẹni tó bá mọ bí ará Èkó ṣe ń jẹun mọ̀ pé ibi ìtajà àti ibi ìsùn kò jìnnà sí ara wọn. Bí a bá ṣí ọjà nídìí, ilé pàápàá kò ní pẹ́ ṣí.

Àrùn eku, LEDB àti ìṣípòpadà sí Súrùlérè

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí kòkòrò ara eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ń pa ènìyàn fún ọdún mélòó kan. Ìjọba sọ pé bí ilé ṣe kún ara wọn ní erékùṣù ni ó fà á. Ní 1928 ni wọ́n dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LEDB, wọ́n sì fún un ní àṣẹ láti gba ilẹ̀, láti wó ilé àti láti tún ìlú tò. Láti ìgbà náà wá ni ọ̀rọ̀ ìlera ti di ìdí tí ìjọba máa ń kọ́kọ́ dárúkọ bí ó bá fẹ́ wó àdúgbò.

Iṣẹ́ LEDB tó tóbi jù ni èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ní àárín gbùngbùn Èkó, lórí nǹkan bí 70 éékà ilẹ̀. Òmìnira ti ń sún mọ́lé, àwọn olóṣèlú sì fẹ́ olú ìlú tí ojú kò ní tì wọ́n láti fi han àlejò. Ètò náà ni pé kí wọ́n wó àwọn ilé àtijọ́, kí wọ́n kó àwọn olùgbé lọ sí ilé tuntun tí ìjọba kọ́ sí Súrùlérè, kí wọ́n tún ilẹ̀ pín, kí àwọn onílé sì wá padà ra ilẹ̀ wọn lẹ́yìn náà. Àwọn olùgbé tako ètò yìí gidigidi. Wọ́n ní agboolé kì í ṣe bíríkì nìkan: ibẹ̀ ni a sin àwọn baba sí, ibẹ̀ ni opó ti ń rí yàrá gbé láìsan owó, ibẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń bá ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé.

Olùwádìí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, lọ bá àwọn tí wọ́n ṣí lọ àti àwọn tí wọ́n ṣì wà ní erékùṣù sọ̀rọ̀, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ohun tó rí kò dára létí àwọn tó ṣe ètò náà. Ilé Súrùlérè mọ́, ó ní àyè, ó sì ní omi. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ sí erékùṣù ń jẹ èrè wọn, àwọn àgbàlagbà tó ń gbé lórí ìrànlọ́wọ́ ẹbí kò rí ẹbí náà lójoojúmọ́ mọ́. Ìyàwó tí ó ní àtẹ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń retí owó oúnjẹ lọ́wọ́ ọkọ. Ìwé yìí wúlò títí di òní nítorí pé ó wọn àdánù tí kò sí nínú ìwé owó gbà-máà-bínú kankan. Ó tún hàn níbẹ̀ pé ìjọba lè kọ́ ilé tó dára fún ènìyàn kí ó sì tún sọ ọ́ di tálákà.

Òfin ilẹ̀ ti 1978 àti wíwó Màrókò

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, tí ìjọba ológun ṣe, fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin mọ òun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tí àwọn ará Èkó ń pè ní C of O. Bí gómìnà bá gba ilẹ̀ padà, owó ilé àti ohun ọ̀gbìn ni yóò san, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ tó lọ́jà. Èyí dín agbára tí ìdájọ́ 1921 ní kù púpọ̀. Ilé tí kò ní àwòrán tí ìjọba fọwọ́ sí sì di ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè pè ní ilé tí kò bófin mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé baba àti ọmọ ti ń gbé inú rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ.

Lábẹ́ Gómìnà Lateef Jakande, láàárín 1979 sí 1983, ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ọ̀pọ̀ ilé olówó pọ́ọ́kú, irú èyí tó wà ní Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣì fi ń pe àwọn ilé náà. Àwọn ológun gba ìjọba ní òpin 1983, ètò náà sì dúró.

Màrókò wà ní ẹ̀gbẹ́ Ìkòyí àti Erékùṣù Victoria, lórí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ tí omi máa ń yọ sí. Àwọn òṣìṣẹ́, apẹja, awakọ̀ àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn olówó tó wà lódìkejì ló ń gbé ibẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1990, Gómìnà Raji Rasaki, tí í ṣe ológun, kéde pé kí wọ́n kúrò láàárín ọjọ́ méje. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé omi lè gbé ibẹ̀ lọ àti pé ó kún fún ẹ̀gbin. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, katakata wọ àdúgbò pẹ̀lú àwọn ológun àti ọlọ́pàá. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni ó pàdánù ibùgbé.

Ìjọba gbà láti fi ilé rọ́pò fún díẹ̀ nínú àwọn onílé, ní Ìlàsàn, Ìkọ̀tà àti Ẹ̀pẹ́, sínú ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán. Àwọn ayálégbé, tí wọ́n pọ̀ ju onílé lọ fíìfíì, kò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi iyanrìn kún ilẹ̀ tí wọ́n ní omi yóò gbé lọ, ó sì di àdúgbò àwọn ọlọ́rọ̀. Chris Abani, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, fi Màrókò ṣe ibùdó ìtàn rẹ̀ GraceLand, èyí tó jáde ní 2004, àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò tíì bí nígbà náà sì tipa bẹ́ẹ̀ mọ orúkọ àdúgbò tí kò sí mọ́. Àwọn tí wọ́n lé jáde dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń bá ẹjọ́ náà yí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìṣòro tó dí wọn lọ́wọ́ jù ni pé ọjọ́ méje kò tó fún ẹnikẹ́ni láti kọ orúkọ ẹni tó ń gbé ojúlé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó fọ́n ká.

Bàdíà àti Báńkì Àgbáyé

Ní 1995, agbẹjọ́rò Felix Morka dá àjọ Social and Economic Rights Action Center sílẹ̀ ní Èkó, tí a mọ̀ sí SERAC. Òun ni ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àjọ méjì tó gbé ẹjọ́ àwọn ará Ògóni lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Ní 2001, ìgbìmọ̀ náà pinnu pé bí kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ "ilé" nínú ìwé àdéhùn Áfíríkà, ẹ̀tọ́ sí ilé wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹ̀tọ́ sí dúkìá, sí ìlera àti sí ààbò ẹbí kò lè dúró láìsí òrùlé. Ìdájọ́ tí a gbà lórí ọ̀rọ̀ Ògóni yìí di ohun tí àwọn àdúgbò Èkó lè gbára lé.

Bàdíà, ní ẹ̀gbẹ́ Ìjọra, ni ibi tí SERAC ti ṣiṣẹ́ pẹ́ jù. Púpọ̀ nínú àwọn olùgbé ibẹ̀ ni ìjọba fúnra rẹ̀ kó débẹ̀ ní 1973, nígbà tí wọ́n wó abúlé Olúwọlé láti fi àyè sílẹ̀ fún Gbọ̀ngàn Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 2003, ìjọba tún padà wó ilé wọn níbi tó kó wọn sí. Nígbà tó yá, Báńkì Àgbáyé yá Ìpínlẹ̀ Èkó ní 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò kan tí yóò tún àdúgbò mẹ́sàn-án ṣe, Bàdíà sì wà lára wọn. Àwọn ará ibẹ̀ yọ̀ pé ewu ti kọjá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 2013, katakata wó ìlà-oòrùn Bàdíà, ọ̀rọ̀ náà sì kan ènìyàn tó sún mọ́ 9,000.

Nítorí pé owó báńkì wà nínú ètò náà, àwọn olùgbé lè gbé ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ Báńkì Àgbáyé. Èyí mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ san owó ìrànlọ́wọ́. Owó náà kéré, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ráhùn pé kò tó ra ohun tí àwọn pàdánù, ṣùgbọ́n wọ́n san fún ayálégbé pẹ̀lú, bí tiwọn tilẹ̀ kéré sí ti onílé. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Màrókò.

Màkòko àti Otodo-Gbame

Àwọn tó ń gbé orí omi ní Màkòko jẹ́ Ègùn láti Àgbádárìgì àti láti Orílẹ̀-èdè Benin, pẹ̀lú Ìlàjẹ àti Yorùbá mìíràn. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba fún wọn ní wákàtí 72. Nígbà tí iṣẹ́ ìwólé ń lọ, ìbọn ọlọ́pàá pa ọ̀kan nínú àwọn baálẹ̀ wọn, ariwo sì ta débi pé ìjọba dá iṣẹ́ náà dúró. Dípò kí wọ́n kàn máa ṣọ̀fọ̀, àwọn olùgbé àti SERAC pẹ̀lú àwọn ayàwòrán ìlú jókòó láti gbé ètò àtúnṣe àdúgbò tiwọn kalẹ̀, wọ́n sì fi í lé ìjọba lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tó léfòó lórí omi, tí ayàwòrán ilé Kunlé Adéyẹmí ṣe, ni ayé mọ̀ jù nípa Màkòko. Ó wó ní 2016. Ètò tí àwọn olùgbé bá wọn ṣe kò ní òkìkí tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wá kà.

Otodo-Gbame jẹ́ ibùdó apẹja Ègùn ní etí ọ̀sà ní Lẹ́kí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, Gómìnà Akinwunmi Ambode kéde pé òun yóò wó gbogbo ilé pákó tó wà létí omi láàárín ọjọ́ méje, ó ní àwọn ajínigbé ń sá pamọ́ síbẹ̀. Àwọn àdúgbò etí omi para pọ̀, wọ́n lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n sì gba àṣẹ ìdádúró ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni iná àti katakata dé. Wọ́n tún padà wá ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún 2017, títí ibùdó náà fi tán. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn ni wọ́n fọ́n ká, òmíràn sì ń sùn nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ.

Ọgbọ́n tí àwọn agbẹjọ́rò wọn fi gbé ẹjọ́ náà kalẹ̀ yẹ ní kíkíyèsí. Abala 16 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé kí ìjọba pèsè ibùgbé tó yẹ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n abala 6 kò jẹ́ kí a lè fi ọ̀rọ̀ yẹn pe ìjọba lẹ́jọ́. Abala 44 ń dáàbò bo dúkìá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ jà pé òun ní dúkìá. Nítorí náà wọ́n di abala 34 mú, èyí tó ní kí a má ṣe hùwà ìkà tàbí ìwà ìtẹ́nilógo sí ẹnikẹ́ni. Gbogbo ènìyàn ló ní iyì, kò sí ẹni tí yóò béèrè C of O rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2017, Adájọ́ Adeniyi Onigbanjo gbà pẹ̀lú wọn pé wíwó ilé lé ènìyàn lórí láìpèsè ibòmíràn fún wọn jẹ́ ìwà ìtẹ́nilógo, ó sì rán ìhà méjèèjì lọ jókòó sọ̀rọ̀. Ìjókòó náà kò so èso. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ó ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn: lílé wọn jáde lòdì sí òfin, kí ìjọba má tún ṣe irú rẹ̀, kí ó sì bá àwọn tí wọ́n lé sọ̀rọ̀ lórí ibi tí wọn yóò gbé. Nígbà tí ìdájọ́ yìí dé, kò sí ilé kan tó ṣẹ́kù ní Otodo-Gbame, wọn kò sì dá àwọn ènìyàn náà padà. Ilé olówó ńlá ló wà níbẹ̀ báyìí.

Àwọn ayálégbé

Ìjà àwọn ayálégbé kò ní katakata nínú, nítorí náà ó máa ń ṣòro láti rí i. Òfin Ilé Gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó jáde ní 2011, kò gba onílé láyè láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni ó wà fún ẹni tó bá rú u. Òfin náà kò kan Àpápá, Ìkòyí, Erékùṣù Victoria àti àdúgbò GRA ní Ìkẹjà. Ní àwọn àdúgbò tó kàn pàápàá, ẹni tó ń wá ilé ní Èkó mọ̀ pé onílé ṣì ń béèrè owó ọdún méjì, owó ajẹntì sì wà lọ́tọ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ayálégbé gbé onílé lọ sí kóòtù kí ó tó wọlé rẹ̀.

Kíka ara ẹni

Láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 2010, àwọn olùgbé àdúgbò wọ̀nyí ti ní ẹgbẹ́ àpapọ̀ tiwọn, Nigerian Slum/Informal Settlement Federation, tí ó ń bá àjọ Justice & Empowerment Initiatives ṣiṣẹ́. Àjọ dídá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí gbogbo obìnrin ọjà mọ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti ń gba owó jọ lọ́wọ́ ara wọn ti mọ ẹni tí òun lè gbẹ́kẹ̀ lé. Wọ́n ń kọ́ díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní òfin, kí wọ́n lè ka ìwé ìkìlọ̀ tí ìjọba lẹ̀ mọ́ ara ògiri, kí wọ́n sì mọ ọ́fíìsì tí wọn yóò gbé èsì lọ.

Iṣẹ́ wọn tó jọ mí lójú jù ni kíka ara wọn. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń kọ iye ènìyàn, ọdún tí wọ́n ti dé, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, wọ́n sì ń ya àwòrán àdúgbò. Ohun tí Màrókò kò rí àyè ṣe láàárín ọjọ́ méje ni wọ́n ń ṣe kí ìkìlọ̀ tó dé.

Èyí kò tíì dá katakata dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ológun ojú omi lé nǹkan bí 4,500 ènìyàn kúrò ní Tarkwa Bay, ní ẹnu ọ̀nà òkun Èkó, wọ́n ní nítorí olè tí ń fọ́ ọ̀pá epo ni. Ìdájọ́ 2017 de ìjọba ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló ni àwọn ológun ojú omi. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti àdúgbò mìíràn wá bá àwọn ará Tarkwa Bay láti bá wọn kọ orúkọ àti àdánù sílẹ̀, ti onílé àti ti ayálégbé nínú ìwé kan náà.